Aláǹtakùn, Ọ̀kọ̀ àti Òṣùká: Ìtàn Àwọn Àmì Èjìká Ọmọ-Ogun Wa ní Bọ́mà



Bí a bá rí àbùlẹ̀ lára aṣọ ènìyàn, èrò tí ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn ni pé aṣọ náà ti gbó, tàbí pé ọwọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò tẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n àbùlẹ̀ kan wà tí kì í ṣe ti òṣì. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Aṣọ aláwọ̀ ìyeyè ni, àwòrán dúdú sì wà lára rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ títẹ̀ sórí aṣọ, àwọn mìíràn sì jẹ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti òwú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kóṣẹ́ sí ọrùn agbádá. Èjìká aṣọ ológun ni a ń rán an mọ́. Láàrin ọdún 1943 sí 1946, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́mọkùnrin láti Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Ghana, Sierra Leone àti Gambia ni wọ́n gbé e sí èjìká lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà láti bá àwọn ará Japan jà. Nàìjíríà nìkan ni ó pèsè ju ìdajì wọn lọ.

Ète mi nínú àròkọ yìí ni láti fi hàn pé ìwé ìtàn ni àwọn àmì wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n kà yóò mọ odò tí bàbá rẹ̀ là kọjá, òkè tí ó gùn, àti irú ẹrù tí ó rù. Yóò sì mọ̀ pé gbólóhùn kan tí a máa ń gbọ́ nípa púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lọ, pé "aláàárù lásán ni wọ́n níbẹ̀," kì í ṣe òtítọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti mú kí àwọn ìdílé kan fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi ṣe ìwúrí.

Àwa ará Okun kì í sì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ aṣọ tí ó ní ìtumọ̀. Àwọn ìbátan wa ní Bùnú ni wọ́n ní aṣọ ìpò, aṣọ pupa olókìkí nì. Bí a bá rí i níbi ìsìnkú, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bóyá ẹni ńlá ni ó lọ. Aṣọ náà ti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àmì ológun. Ó ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá gbọ́ èdè rẹ̀.

Igi ọ̀pẹ

Kí á tó dé orí aláǹtakùn, ó yẹ kí á mọ orísun ẹgbẹ́ ọmọ-ogun yìí, nítorí pé orísun náà kò jìnnà sí wa rárá. Ní oṣù January ọdún 1897, àwọn ọmọ-ogun Royal Niger Company gbéra ní Lọ́kọ́ja, wọ́n dé Kábà, lẹ́yìn náà wọ́n sì kọlu Bídà. Kí oṣù náà tó parí, Bídà ti ṣubú, agbára tí àwọn Núpé fi ń kó ènìyàn wa lẹ́rú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ọdún náà gan-an ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pinnu láti dá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tuntun sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì fi Lugard ṣe olórí rẹ̀. Lọ́kọ́ja àti Jẹ́bà wà lára àwọn ibùdó rẹ̀ àkọ́kọ́. West African Frontier Force ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1928 ni wọ́n fi oyè ọba kún un, tí ó fi di R.W.A.F.F.

Àmì R.W.A.F.F. ni igi ọ̀pẹ. Mo rò pé wọn kò lè rí àmì tí ó bá wa mu ju èyí lọ, nítorí pé láti Gambia títí dé Calabar kò sí ìlú tí kò mọ ọ̀pẹ àti ìwúlò rẹ̀. Lábẹ́ igi ọ̀pẹ yìí ni àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà ti jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 sí 1916, tí wọ́n sì bá àwọn ará Jámánì jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti 1916 sí 1918. Lábẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n ti bá àwọn ará Ítálì jà ní Sòmálíà àti Ethiopia. Wọ́n wọ ìlú Mogadishu ní oṣù February ọdún 1941. Ní oṣù March wọ́n gba ọ̀nà àárín òkè kan tí à ń pè ní Marda, wọ́n sì tẹ̀ síwájú dé Harar. Ẹ fi orúkọ Marda yìí sọ́kàn. A óò tún pàdé rẹ̀.

Nígbà tí ogun náà gbòòrò, igi ọ̀pẹ nìkan kò tó mọ́. Àwọn bàtálíọ́ọ̀nù ni a ń kó pọ̀ di bìrìgéèdì, àwọn bìrìgéèdì ni a sì ń kó pọ̀ di odindi ẹgbẹ́ ogun ńlá tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní division. Àṣà Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ẹgbẹ́ ogun kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀ lórí èjìká ọmọ-ogun àti lára ọkọ̀. Ó ní ìdí. Ọ̀tá tí ó bá rí orúkọ tí a kọ sílẹ̀ yóò kà á. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í sọ ohun kan fún ẹni tí a kò bá tí ì là á yé. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọmọ-ogun náà ń sọ oríṣiríṣi èdè, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ ìwé kà. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B yóò mọ aláǹtakùn nígbà tí ó bá rí i.

Aláǹtakùn

Ọjọ́ kìíní oṣù March ọdún 1943 ni a dá Ẹgbẹ́ Ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, Ọ̀gágun Woolner sì ni olórí rẹ̀. Bìrìgéèdì mẹ́ta ni ó ní. Ìkẹta jẹ́ ti àwọn ọmọ Nàìjíríà pátápátá, Bàtálíọ́ọ̀nù 6, 7 àti 12. Ìkarùn-ún jẹ́ ti Gold Coast. Nínú ìkẹfà ni a ti rí ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Sierra Leone àti ọmọ Gambia pọ̀.

Aláǹtakùn dúdú lórí òbìrípo aláwọ̀ ìyeyè ni àmì wọn. Ananse ni, aláǹtakùn inú àlọ́ àwọn Ashanti. Ohun tí Ìjàpá jẹ́ nínú àlọ́ tiwa ni Ananse jẹ́ nínú tiwọn: ẹ̀dá kékeré tí kò ní agbára erin tàbí èékánná ẹkùn, ṣùgbọ́n tí ó ń fi ọgbọ́n borí àwọn méjèèjì. Wọ́n máa ń rán aláǹtakùn náà mọ́ èjìká ní ìdoríkodò. Àṣìṣe kọ́. Bí ọmọ-ogun bá na apá síwájú láti yin ìbọn, orí aláǹtakùn náà yóò kọjú sí ibi tí ọ̀tá wà, yóò sì dà bí ẹni pé ó ń rìn lọ bá a.

Láti oṣù August ọdún 1943 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí Íńdíà. Ẹgbẹ́ ogun àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó jà ní Éṣíà ni wọ́n. Arakan, ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà, ni a rán wọn lọ, àfonífojì odò Kaladan ni a sì fi lé wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ òkè àti igbó ọparun; kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà débẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun náà fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà láti Chiringa dé Daletme, ibùsọ̀ 75, gba orí òkè dé orí òkè. Ní oṣù January ọdún 1944 ọ̀nà náà parí, ọkọ̀ jíìpù sì gbà á kọjá. West African Way ni wọ́n sọ ọ́, èyí ni Ọ̀nà Àwọn Ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì Kaladan, kò sí oúnjẹ, ọta ìbọn tàbí oògùn tí ó lè tọ̀ wọ́n lẹ́yìn lórí ilẹ̀. Láti òkè ni ohun gbogbo ti ń bọ̀. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú Dakota ń fò kọjá lórí òkè, wọ́n sì ń ju ẹrù sílẹ̀ pẹ̀lú agbòòrùn aṣọ ńlá tí ń gbé e balẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí aṣọ agbòòrùn wọ̀nyí wọ́n, Ọ̀gágun Slim, olórí gbogbo ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Bọ́mà, ní kí wọ́n máa fi jútù ṣe é, òwú tí a fi ń hun àpò kòkó àti àpò ìrẹsì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ èyí sínú ìwé tí ó kọ lẹ́yìn ogun. Kí Ẹgbẹ́ Ogun 81 tó dé, kò tí ì sí odindi irú ẹgbẹ́ ogun bẹ́ẹ̀ tí a fi ọ̀nà òfuurufú nìkan bọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lẹ́yìn wọn ni ó di àṣà.

Kì í ṣe ìṣẹ́gun nìkan ni wọ́n rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù March ọdún 1944, àwọn ará Japan yí wọn po ní agbègbè Kyauktaw, wọ́n sì ní láti padà sẹ́yìn. Ìgbà náà ni ọmọ-ogun Yorùbá kan, Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, fi ara gbọgbẹ́. Ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn tí ń bá aláǹtakùn rìn ni ó wà. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀ létí odò, kò lè rìn mọ́. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni wọ́n ṣẹ́kù sínú igbó. Àgbẹ̀ ará abúlé kan tí ń jẹ́ Shuyiman, Mùsùlùmí, ni ó fi wọ́n pamọ́, tí ó ń bọ́ wọn fún bí oṣù mẹ́sàn-án, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé bí àwọn ará Japan bá mọ̀, gbogbo ìdílé òun ni yóò kú. Ní oṣù December ọdún 1944, àwọn tí wọ́n wọ aláǹtakùn padà wá sí àfonífojì náà, wọ́n sì bá àwọn méjèèjì láàyè. Fadoyebo kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbé ayé títí di 2012.

Nínú ìrìn kejì yìí ni aláǹtakùn dé ibi tí ó ń lọ. Ní ìparí oṣù January ọdún 1945, àwọn ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ Myohaung, ìlú àwọn ọba Arakan àtijọ́.

Kìnnìún oníwúrà àti ọkọ̀ òfuurufú

Àwọn kan wà nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí àmì mìíràn tún kún aláǹtakùn wọn. A yọ Bìrìgéèdì 3 kúrò lára Ẹgbẹ́ Ogun 81, a sì fi í fún Ọ̀gágun Wingate, ẹni tí ète rẹ̀ ni láti gbé ọmọ-ogun sọ sí ẹ̀yìn àwọn ará Japan gan-an. Chindit ni a ń pe ọmọ-ogun Wingate. Orúkọ náà ti ara chinthe wá, ẹ̀dá bíi kìnnìún tí àwọn ará Bọ́mà ń gbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé òrìṣà wọn. Kìnnìún aláwọ̀ wúrà àti ilé òrìṣà lórí òbìrípo aláwọ̀ búlúù ni àmì wọn.

Wingate fúnra rẹ̀ kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ 24 oṣù March ọdún 1944, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró. Ní oṣù March àti April ni a fi Dakota kó àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ sí pápá kan tí a là sínú igbó, tí a sọ ní Aberdeen. Ẹ rò ó wò: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí títí ó fi di òru ọjọ́ tí a gbé wọn fò kọjá lórí ọ̀tá. Láti ibẹ̀ wọ́n lọ ṣọ́ White City, odi kan lórí ojú irin tí àwọn ará Japan fi ń kó oúnjẹ lọ sí Àríwá. Orúkọ náà, Ìlú Funfun, wá láti inú àwọn agbòòrùn funfun tí wọ́n há sórí igi ní gbogbo àyíká. Lóru lóru ni àwọn ará Japan ń kọlu odi náà. Wọn kò rí i gbà. Láti ibẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tún jà lọ sí ìhà Mogaung nínú òjò àti ibà, títí di oṣù August tí a fi kó wọn jáde.

Nítorí náà, ogun òfuurufú àti ogun orí ilẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀ nínú ìtàn yìí. Àwọn ẹgbẹ́ atukọ̀ òfuurufú náà ní àmì tiwọn, ilẹ̀ wa sì wà nínú wọn pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ 249 ti Royal Air Force ń jẹ́ orúkọ Gold Coast, ní ìrántí owó tí àwọn ará ibẹ̀ dá jọ fún ọkọ̀ òfuurufú. Erin ni ó wà nínú àmì wọn. Ọmọ Èkó ni Peter Thomas, ẹni tí ó di ọ̀gá nínú Royal Air Force ní 1942, tí jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú sì pa ní 1945. Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà, fò pẹ̀lú Ẹgbẹ́ 76 lọ ju bọ́ǹbù sí ilẹ̀ ọ̀tá ní Yúróòpù, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ D.F.C. fún akíkanjú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni irú àwọn wọ̀nyí; ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé kò sí ẹ̀ka ogun náà tí a kò bá ọmọ Áfíríkà.

Ọ̀kọ̀ méjì àti òṣùká kan

Mo dé ibi tí mo ti ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù August ọdún 1943 ni a dá ẹgbẹ́ ogun kejì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Ẹgbẹ́ Ogun 82. Ọ̀gágun Bruce ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́, Ọ̀gágun Stockwell sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bìrìgéèdì kìíní àti ìkẹrin jẹ́ ti Nàìjíríà. Ìkejì jẹ́ ti Gold Coast. Orí àwọ̀ ìyeyè ni a ya àmì tiwọn náà sí pẹ̀lú àwọ̀ dúdú: ọ̀kọ̀ méjì tí a gbé dábùú ara wọn, àti òṣùká kan tí àwọn ọ̀kọ̀ náà gba inú rẹ̀ kọjá.

Òṣùká, ẹ̀yin ará mi! Ohun tí ìyá wa ń ká sórí kí ó tó gbé agbọ̀n iṣu tàbí ìkòkò omi. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún àmì náà ni pé nípasẹ̀ àwọn aláàárù wa ni a fi ń jà. Nínú gbogbo àmì ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ẹlòmíràn ti ń gbé kìnnìún, ẹkùn, idà àti idì, ẹgbẹ́ ogun kan ṣoṣo yìí ni mo mọ̀ tí ó gbé ohun èlò aláàárù sí èjìká ọ̀gágun àti ọmọ-ogun bákan náà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán. Ní Arakan, ọkọ̀ jíìpù kò lè gun ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkè náà, ìbaaka sì ń ṣubú. Orí ọmọ Áfíríkà nìkan ni ohun tí ń dé ibi gbogbo. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ju oúnjẹ sílẹ̀, ta ni yóò gbé e láti ibi tí ó balẹ̀ sí dé ibi tí àwọn ọmọ-ogun ti ń jà? Bí ọmọ-ogun bá gbọgbẹ́, ta ni yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè? Àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Íńdíà gbára lé ẹranko àti ojú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí wọn kò fi lè gba ọ̀nà tí àwa gbà. Àwọn aláàárù yìí wọ aṣọ ológun, wọ́n wà lábẹ́ òfin ológun, ìbọn ọ̀tá sì ń bá wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bá àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìbọn tí wọn yóò fi dáhùn. Ẹni tí ń lọ sójú ogun pẹ̀lú ẹrù lórí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo, mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi bí ó ṣe jẹ́ ènìyàn lásán.

Ẹgbẹ́ Ogun 82 gba Buthidaung ní àárín oṣù December ọdún 1944, wọ́n la odò Kalapanzin kọjá, wọ́n sì gba orí òkè lọ sí ìhà Kaladan, níbi tí wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aláǹtakùn. Láti ibẹ̀ wọ́n jà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù. Ní Dalet àti ní Letmauk, lójú ọ̀nà An, ìjà le gidigidi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ ogun tí ó jà ní Arakan ní àkókò náà, àwọn tí wọ́n gbé òṣùká sí èjìká yìí wà lára àwọn tí ó pàdánù ènìyàn jù lọ.

Orúkọ tí ó wà lẹ́nu wa láìmọ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé ìlú ńlá, ojoojúmọ́ ni ẹ ń pe orúkọ ibi tí àwọn baba wa ti jà. Arakan Barracks wà ní Àpápá. Myohaung Barracks àti Marda Barracks wà ní Yábàá. Letmauk Barracks wà ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn. Dalet Barracks àti Kalapanzin Barracks wà ní Kàdúná. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé orúkọ Hausa ni Dalet, tàbí pé orúkọ òyìnbó kan ni Letmauk. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Odò, abúlé àti òkè Bọ́mà ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú ilẹ̀ wọn. Ghana náà ní Myohaung Barracks tirẹ̀ ní Takoradi. Àní àwọn nọ́ńbà pàápàá kò kú: nínú Ẹgbẹ́ Ọmọ-Ogun Nàìjíríà ti òde òní, 81 Division ni ó wà ní Èkó, 82 Division sì wà ní Enugu.

Àwọn tí wọn kò padà wálé náà ní orúkọ. Ní itẹ́ òkú ogun tí ó wà ní Taukkyan, nítòsí Rangoon tí à ń pè ní Yangon nísinsìnyí, ọwọ̀n ńlá wà tí a kọ orúkọ bí 27,000 ọmọ-ogun sí, àwọn tí a kò mọ sàréè wọn. Orúkọ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀. Àjọ tí ń tọ́jú sàréè àwọn ọmọ-ogun Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ní àkọsílẹ̀ wọn, ẹnikẹ́ni sì lè béèrè lọ́wọ́ wọn láìsan owó.

Àwọn tí wọ́n padà, ní 1946 ni ọ̀pọ̀ wọn gúnlẹ̀ sílé. Wọ́n ti gbọ́ ìlérí púpọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n bá nílẹ̀ sì kéré. Ní Accra, ní ọjọ́ 28 oṣù February ọdún 1948, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun àtijọ́ ń rìn lọ láti fi ẹ̀hónú hàn fún Gómìnà, ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n, mẹ́ta sì kú lára wọn. Ìyẹn wà lára ohun tí ó mú kí òmìnira Gold Coast yá kánkán. Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ká aṣọ ológun wọn, wọ́n fi í sísàlẹ̀ àpótí, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n lọ sóko. Wọn kì í fẹ́ sọ ọ́. Àwọn ọmọ kò sì béèrè.

Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Ó lé ní 80 ọdún tí ogun náà ti parí. Àwọn tí wọ́n lọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Àwọn ọmọ wọn pàápàá ti di arúgbó. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni àpótí, kòkòrò sì ń jẹ aṣọ inú àpótí. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìtàn mọ bí ó ti ṣòro tó láti sọ fún ọmọ kíláàsì pé ogun àgbáyé kàn wá, nígbà tí kò sí ohun kan tí ó lè fi ojú rí ní ìlú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a tilẹ̀ yọ ẹ̀kọ́ ìtàn sọ́tọ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ilé-ìwé kékeré ní orílẹ̀-èdè yìí. Ìran kan ti dàgbà nínú àìmọ̀ yìí.

Nítorí náà mo bẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan ní Ekinrin-Adde. Ẹ wo inú àpótí àwọn baba ńlá yín. Bí ẹ bá rí aṣọ ológun, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì tú àbùlẹ̀ èjìká rẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ wé e, ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ tí oòrùn kò ti lè ràn án. Bí ó bá jẹ́ aláǹtakùn, Kaladan ni ẹni náà lọ. Bí kìnnìún oníwúrà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ni ó gbé e lọ sẹ́yìn ọ̀tá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ àti òṣùká, Kalapanzin, Dalet àti Letmauk ni ẹ óò máa wá. Bí ìwé ìtúsílẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun bá wà níbẹ̀, nọ́ńbà tí ó wà nínú rẹ̀ níye lórí ju wúrà lọ, nítorí òun ni a ó fi wá ìyókù ìtàn náà. Bí kò bá sí aṣọ tàbí ìwé, ẹ kọ ohun tí arúgbó ilé bá rántí sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́.

Mo sì dábàá fún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú wa pé kí ó ṣí ìwé kan, kí a máa kọ orúkọ gbogbo ọmọ ìlú yìí tí ó lọ sí ogun 1939 sí 1945 sínú rẹ̀, àti ti ọmọ-ogun àti ti aláàárù, láìfi ọ̀kan ṣíwájú èkejì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, ẹ fi àwòrán èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù January, nígbà tí gbogbo Nàìjíríà bá ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ-ogun tí ó ti kú, kí a ka àwọn orúkọ náà sókè ní gbangba ìlú, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé wà níbẹ̀ kí wọ́n gbọ́.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn tí ó gbé òṣùká yẹn sí èjìká ru ẹrù tí ó wúwo dé ibi tí ẹranko kò lè dé. Èyí tí ó kù fún wa fúyẹ́: ìwé kan, gègé kan, àti ìbéèrè díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà pẹ̀lú wa. Ẹ jẹ́ kí á rù ú.